Ohun Tó Ṣẹ́ Kù

Pavia, oṣù Kọkànlá. Ìkùukùu ti gun orí afárá odò Ticino,
ó jókòó síbẹ̀ bí àgbà tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé òun dìde.
Mo dúró di aago méjì òru
kí ọkọ̀ ẹrù tó gbẹ̀yìn tó kọjá,
nítorí tábìlì mi kì í fara da ìgbọ̀nrìrì:
ohun tí mò ń wá kéré ju èémí eèrà lọ.

Láti Lomellina ni àkèré náà ti wá, láti oko ìrẹsì,
níbi tí bàbá mi, Egidio Bellazzi,
ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n dúró ti ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì,
tí ẹ̀rọ náà sì ń bó etí rẹ̀,
èèpo kan lónìí, èèpo kan lọ́la,
títí kò fi ku nǹkan kan
àfi híhó kan tí òun nìkan ń gbọ́.
Mo bẹ àkèré náà kí n tó fi abẹ kàn án.
Ẹ̀bẹ̀ náà, fún ara mi ni.

Mo fi iná yọ́ dígí, mo fà á
títí ẹnu rẹ̀ fi tín-ín-rín kọjá ohun tí ojú lè rí.
Mo fi ẹnu ara mi fa afẹ́fẹ́ inú rọ́bà, jẹ́jẹ́,
bí ìyá tó ń fa ikun nímú ọmọ tuntun.
Ó lẹ̀.

Ìwọ sẹ́ẹ̀lì onírun,
irun rẹ kì í ṣe ti òòyà, kì í ṣe ti abẹ.
Bí ohùn bá dé, irun á tẹ̀;
bó bá tẹ̀, iná inú rẹ á ru sókè,
àwọn oníbodè á ṣílẹ̀kùn kí a tó ṣẹ́jú,
kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé,
wọn ò ru ẹrù, wọn ò sanwó ibodè,
ọ̀rọ̀ kan péré ló wà lẹ́nu wọn: Sọ fún un.
Iṣan tó ń dúró nísàlẹ̀ á gbà á, á gbé e lọ sínú ọpọlọ,
níbi tí ariwo ti ń di orúkọ ẹni.

Mo tẹ bọ́tìnì. Ìlà aláwọ̀ ewé ṣubú, ó dìde:
kòtò kékeré kan, bí ibi tí ẹyẹ ti fẹsẹ̀ tẹ ẹrẹ̀.
Mo da oògùn sí i,
oògùn tí mo gbà gbọ́ pé yóò ti ibodè náà pa.

Kòtò náà kún. Kò kún tán.
Mo pààrọ̀ omi, mo fi oògùn kún oògùn,
mo bú Ivo tó po omi iyọ̀ náà lánàá
(oorun ló ń sùn nílé rẹ̀),
síbẹ̀ nǹkan kan ń ṣàn,
bí ìdá kan nínú márùn-ún,
gba ẹnu-ọ̀nà tí n kò mọ ẹni tó là á.

Inú mi dùn, mo fẹ́ẹ̀ ké.
Ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tí dígí bá ti mú kì í pẹ́.
Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án, kòtò ti ń pèlé;
ní ìkejìlá, mo tẹ bọ́tìnì, ìlà nà gbalaja.
Kò sẹ́ni tó pa á. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

Ilẹ̀ ń mọ́ nígbà tí mo délé.
Bàbá kọ ẹ̀yìn sí mi nídìí sítóòfù,
kọfí ń hó, kò gbọ́ ọ.
Etí tó gbọ́ àlọ, àbọ̀ ti fò ó.
Mo fi gìgísẹ̀ lu pákó ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí àdéhùn wa;
pákó jíṣẹ́ fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ó yíjú padà.
"Kí ni àkèré wí?"
Ó ń pariwo, bí ẹni tí ẹ̀rọ ṣì wà láàárín wa.

Mo gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo fi ìka ya kòtò náà sí i,
kékeré, ìyẹn tó kù lẹ́yìn oògùn.
Ó pa ọwọ́ dé, ó dì í mú,
ó fi ọwọ́ kejì pa iná kọfí.